Páwà Báìkì Tó Ti Sùn Lẹ́yìn Ilé Fún Ọdún Mẹ́fà

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ pẹ́ tí páwà báìkì ti ń wù mí. Lóṣù tó kọjá ni mo rí Honda CBR600 kan lẹ́yìn ilé bàbá kan ládùúgbò wa. Ọmọ bàbá náà ló kó o wọlé láti Amẹ́ríkà. Nígbà tó padà sọ́hùn-ún, ó fi í sílẹ̀, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tí ẹnikẹ́ni ò ti sítáàtì rẹ̀. Táyà méjèèjì ti jò tán, koríko ti gba abẹ́ rẹ̀, ike ẹ̀gbẹ́ òsì ò sí mọ́. ₦900,000 ni bàbá ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní ká gbé bátìrì àti epo lọ ká jí i dìde, tó bá ti dún, kí n sanwó. Ṣé kí n rà á?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ má gbé bátìrì kankan lọ síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, ká tó sọ ti owó. Ọ̀rẹ́ rẹ ò ní èrò búburú. Ọ̀kadà tó ń tún ṣe lójoojúmọ́, sìlíńdà kan péré ló ní. Bó bá ti sùn fún ọdún kan, wọ́n á fọ kábúrétọ̀ rẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti dìde. Ti CBR kò rí bẹ́ẹ̀. Sìlíńdà mẹ́rin ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, fálífù mẹ́rìndínlógún, ẹ́ńjìnnì náà sì lè yí ju ìgbà 12,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. A kì í fi agídí jí i.

Ojú mi ló ti rí i. CBR600 àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ rà ní Ìbàdàn, ẹni tó ń tà á ti rọ epo kún tánkì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó lè ti wà nílẹ̀ dè mí. Kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀, pé abẹ́rẹ́ tó ń dá epo dúró nínú kábúrétọ̀ kejì ti há. Gbogbo òru ni epo fi ń jò lọ sínú sìlíńdà. Nígbà tí mo dé, ó so bátìrì ọkọ̀ ńlá mọ́ ọn, ó tẹ sítátà. Ó yí díẹ̀, ó dún gbà, ó dúró. Afẹ́fẹ́ ló ṣeé fún pọ̀ nínú sìlíńdà, epo kò ṣeé fún pọ̀; nǹkan kan ní láti yẹ̀ fún un, ọ̀pá tó gbé pístìnnì ló sì yẹ̀. Mo ti san àsansílẹ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo tú ẹ́ńjìnnì náà, mo tẹ́ ọ̀pá kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹta, mo fi ojú kan wò wọ́n: èkejì ti tẹ̀ díẹ̀, bí ìka arúgbó tí làkúrègbé ń dà láàmú. Ó ṣì wà lórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù mi títí dòní. Ọmọṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́.

Bó bá tilẹ̀ dún lójú rẹ, kò tíì sọ púpọ̀ fún ọ. Báìkì tí kò dún tí gbogbo ara rẹ̀ pé sàn lọ́wọ́ mi ju èyí tó ń dún tí ìdajì ara rẹ̀ ti sọnù. Bí mo ṣe ń ra báìkì tó ti dákẹ́ ni pé ohun tí kò sí lára rẹ̀ ni mo máa ń kà, mi ò ka ohun tó wà. Ìwé ló sì ṣáájú nínú ohun tí mo ń kà.

Bàbá kọ́ ló ni báìkì yìí, ọmọ ló ni ín. Bẹ bàbá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí wọ́n pe ọmọ wọn lórí fídíò níṣojú rẹ. Kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ tà á àti iye tí òun fẹ́ gbà, kó kọ ìwé ránṣẹ́, kí bàbá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo mọ ibi tí ọmọ ti dé fún ọdún Kérésìmesì tó ní òun ò rán ẹnikẹ́ni lọ́jà. Ẹni tó ra báìkì ti náwó lé e lórí ju iye tó rà á lọ, àwọn àgbà àdúgbò ló bá wọn parí ẹ̀. Bèèrè ìwé kọ́sítọ̀mù, kí o sì bèèrè ìwé tó bá a wá láti Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ síbi ọrùn fírémù lápá ọ̀tún, níbi tí hándù ti ń yí. Wọ́n tẹ nọ́ńbà kan mọ́ irin níbẹ̀, mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Fi aṣọ nù ún kó mọ́, kí o fi ìka gba orí rẹ̀. Bí ojú irin bá tẹ́jú bíi pé wọ́n ti fi fáìlì ra á, tàbí tí ọ̀dà ibẹ̀ kò bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu, dá gbére fún bàbá, kí o máa lọ sílé. JH2 ló ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà báìkì tí Honda ṣe ní Jàpáánù. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún fún àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà: S ni 1995, T ni 1996, V ni 1997, W ni 1998. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, oríṣi CBR600 tí wọ́n ń pè ní F3 lo rí yẹn, fírémù irin, kábúrétọ̀ mẹ́rin. X àti Y ni F4, ti 1999 àti 2000. Fírémù tiẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, kábúrétọ̀ ló ṣì ń lò. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà 1 sí 6 lo bá níbẹ̀, F4i tàbí CBR600RR ni, kò ní kábúrétọ̀ rárá, pọ́ǹpù ló ń ti epo sí i. Àìsàn tìyẹn yàtọ̀, tún kọ̀wé sí mi. F3 ni mo máa bá lọ nínú èsì yìí, torí òun ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ mi.

Lábẹ́ ọrùn yẹn kan náà, irin kékeré kan yọ síta, kò ju orí àtàǹpàkò ọmọdé lọ. Òun ló ń dá hándù dúró kó má yí kọjá ààyè. Yí hándù sí òsì títí yóò fi kàn án, kí o yí i sí ọ̀tún. Bí irin náà bá ti tẹ̀ tàbí tó ti ya, báìkì yẹn ti forí sọ nǹkan tó lágbára rí, ohunkóhun yòówù tí wọ́n bá sọ fún ọ. Èyí tó kàn ṣubú níbi tí wọ́n gbé e sí, etí hándù, etí ìtẹ̀sẹ̀ àti ìdérí ẹ́ńjìnnì ló máa ń ha, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Èyí tí irin ọrùn rẹ̀ wó ni mo ń sá fún, torí ó ti ràn dé fọ́ọ̀kì, ó sì lè ti ràn dé fírémù.

Wá àwòrán CBR600 ọdún kan náà tó pé pérépéré sórí fóònù rẹ, kí o máa fi wé èyí tó wà níwájú rẹ láti orí iná dé ìrù. Ike ẹ̀gbẹ́ tí o ní kò sí yẹn, má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Àwọn tó ń fi fáíbà ṣe bọ́ńpà ọkọ̀ lè mọ òmíràn fún ọ. Nǹkan kéékèèké ló ń pa irú iṣẹ́ báyìí: irin tó gbé ike iwájú dúró, bóòtù ike, ìdérí àpótí afẹ́fẹ́, kọ́kọ́rọ́, rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń ta páàtì Bajaj ò ní wọn. Nítorí rọ́bà kábúrétọ̀ mẹ́rin péré, báìkì kan wà lórí òkúta láàárín ṣọ́ọ̀bù mi fún oṣù mẹ́ta gbáko, ẹni tó ni ín sì ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ojú rẹ̀ ń tì mí láti gbé fóònù. Ṣí ìjókòó náà wò, abẹ́ ibẹ̀ ni eku ń fẹ́ràn. Ìwọ tó jẹ́ oníná, ojú rẹ á tètè bá wáyà tí eyín ti kàn. Tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu èsọ́ọ̀sì, bóyá agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ó ku ẹ́ńjìnnì. Tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá kí o tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kó má ju ṣíbí ìrotíì kan lọ, kí o sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Ìdérí roboto kékeré kan wà lápá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì. Bóòtù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí o fi sípánà yí jẹ́jẹ́, síbi tí ọwọ́ aago ń yí sí. Ọwọ́ rẹ ló máa bá ọ sọ̀rọ̀. Bó bá ń yí láìsí ibi tó ti ń ha tàbí tó ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́, tó sì yí kárí lẹ́ẹ̀mejì, inú mi dùn fún ọ. Bó bá dúró gbagidi, má fipá mú un. Fi ọ́ìlì kún un, fún un ní ọjọ́ mélòó kan sí i. Bí bàbá ò bá sì gbà kí o tú plọ́ọ̀gì, kà á sí pé ẹ́ńjìnnì náà ti kú, kí o dá iye ẹ́ńjìnnì tó ti kú.

Ní ti owó, mi ò ní purọ́ fún ọ: bí iṣẹ́ bá fi máa parí, ó ṣọ̀wọ́n kí owó irú báìkì yìí má ju ti èyí tó ń rìn lọ. Táyà méjì, bátìrì, ṣéènì pẹ̀lú eyín rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, àwọn rọ́bà inú kábúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, rọ́bà bíréèkì, sílì fọ́ọ̀kì, kò sí ọ̀kan tí o lè fò dá nínú wọn. Bèèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó lọ ná ọjà, kí o kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ níwájú bàbá. Bí ìwé bá pé, tí ọrùn dára, tí ẹ́ńjìnnì yí, èmi ò ní kọjá ₦600,000 lórí èyí tí o júwe. Bí ẹ́ńjìnnì bá há, ₦300,000 ni tèmi. Bí kò bá níwèé, kí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ, mi ò ní gbé e.

Tó bá wá di tìrẹ, bíréèkì ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Mo mọ̀ pé ohùn ẹ́ńjìnnì lò ń fẹ́ gbọ́, mo mọ bó ṣe ń rí lára. Ṣùgbọ́n omi bíréèkì a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì, tìrẹ sì ti lo mẹ́fà. Nínú èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn, ohun tó dà jáde pọ́n bí omi àgbo, nǹkan funfun bí iyọ̀ ti dì yí ibi tí rọ́bà pístìnnì bíréèkì ń jókòó sí, pístìnnì náà kò sì lè wọlé kò lè jáde. Ká ní ẹni yẹn ti jí ẹ́ńjìnnì dìde tó sì gùn ún jáde, níbo ni ì bá dúró sí? Ní ti táyà, wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT lára rẹ̀. 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017. Ìlà rẹ̀ lè ṣì jinlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n táyà tó ti jókòó lórí rímù láìní afẹ́fẹ́ fún ọdún mẹ́fà ti fọ́ nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yọ ọ́ dànù.

Ìgbà yìí ni kábúrétọ̀ kàn. Epo tó gbẹ síbẹ̀ ti di nǹkan aláwọ̀ oyin tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì ti dí jẹ́ẹ̀tì. Ihò jẹ́ẹ̀tì kékeré inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Gbé e sókè síwájú oòrùn kí o fi ojú kan wò ó. Tí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ bọ̀ kò bá yí roboto, kò tíì mọ́. Rẹ ẹ́ sínú omi ìfọkábúrétọ̀ mọ́jú, kí o fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Má fi wáyà gún un láéláé, wáyà á fẹ ihò náà, báìkì á sì máa mu epo títí ayé rẹ̀.

Nígbà tó bá dún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gan-an ló kù. Gbé mítà lé ẹnu bátìrì, fa ẹ́ńjìnnì dé ìyípo 5,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kí o rí nǹkan bíi fólítì 13.5 sí 14.5. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó bá kọjá rẹ̀, wo pílọ́ọ̀gì wáyà tó wọnú régúlétọ̀, ìyẹn ohun tó ń darí iná tó ń lọ sí bátìrì, lọ́pọ̀ ìgbà ni ibẹ̀ máa ń jóná di pípọ́n lára àwọn Honda yìí. Àbúrò mi, agbára rẹ̀ sún mọ́ ti ẹṣin 100. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà nìkan lo ti gùn rí, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn kó kọ́ ọ ní pápá tó ṣófo, kí o sì ra ìbòrí gidi kí o tó ra ike ẹ̀gbẹ́.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ra Yamaha R6 kan tó ti dákẹ́, ó gbé e sẹ́yìn ilé wa. Kò ní V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ níbí. Ó ní òun á tún un ṣe, òun á sì máa gùn ún lọ sí yunifásítì kí ọdún tó parí. Oorun ò kun ojú mi mọ́. Ṣé kí n ní kó gbé e dànù ni?

Ìyá Ọlọ́mọ, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, ìyá wa. Ẹ má ní kó gbé e dànù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá yín dá a dúró ná. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, ìwé àṣẹ A2 ló lè gbà, alùpùpù tí agbára rẹ̀ kò ju kílówáàtì 35 lọ ni A2 sì wà fún. R6 kò tilẹ̀ ṣeé dín kù fún A2, torí èyí tí agbára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ bá ju kílówáàtì 70 lọ, òfin ò gbà kí wọ́n dín in kù fún un. Ìwé àṣẹ A gan-an, ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, àfi bó bá ti di A2 mú fún ọdún méjì. Bó bá gba A2 lónìí, yóò di ọmọ ọdún méjìlélógún kó tó lè gun R6 lójú títì. Nítorí náà kò sí ìkánjú kankan nínú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

V5C ló yẹ kó mú yín lọ́kàn báyìí. Orúkọ ẹni tí báìkì wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ló wà nínú ìwé yẹn, kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó ni ín. Ẹ ní kó wá ìwé owó tó fi rà á pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tà á. Kó tẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ báìkì náà, èyí tó wà lára pátákó rẹ̀, sórí ìkànnì ìjọba, yóò rí gbogbo àyẹ̀wò MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún bóyá ọkọ̀ yẹ lójú títì, tó ti ṣe sẹ́yìn lọ́fẹ̀ẹ́. Kó sì sanwó fún àyẹ̀wò bóyá wọ́n jí i, tàbí bóyá adójútòfò ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ rí. Bí wọ́n bá kọ S tàbí N sí i, ó ṣì lè padà sójú títì lẹ́yìn àtúnṣe. Bó bá jẹ́ A tàbí B, kò lè padà mọ́. Bó bá mọ́, kó fi fọ́ọ̀mù V62 bèèrè V5C tuntun lọ́dọ̀ DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún SORN, ìyẹn ìkéde pé báìkì kò sí lójú títì, níwọ̀n ìgbà tí kò tíì jáde síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti olè, ọlọ́pàá á gbé e lọ, owó rẹ̀ sì ti lọ nìyẹn. Ìyẹn á dùn ún, ṣùgbọ́n kó dùn ún nísinsìnyí ju lẹ́yìn ọdún méjì lọ.

Èyí tó kù, ìyá wa, ẹ máa yọjú sí i lẹ́yìn ilé níbẹ̀. Ẹ gbé tíì lọ fún un, ẹ bi í pé kí lèyí, kí lèyí ń ṣe. Ọmọ ogún ọdún tó ń jókòó ti ẹ́ńjìnnì nílé yín ń kọ́ nǹkan.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Ìpáàrà ti kún inú tánkì alùpùpù mi. Ẹnì kan ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń fọ̀ ọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Alùpùpù Mi, Ìlọrin

ÌDÁHÙN

Kò parọ́, kíkan inú ọsàn a máa jẹ ìpáàrà. Ṣùgbọ́n mélòó lo fẹ́ fún kó tó kún tánkì? Ìjàǹjá inú rẹ̀ á sì lọ dí ẹnu ibi tí epo ń gbà. Fínígà funfun ni kí o rà. Tú ẹ̀rọ tó ń ṣí epo tó sì ń tì í lábẹ́ rẹ̀ kúrò, dí ihò náà pa, da ìkúnwọ́ nọ́ọ̀tì kéékèèké sínú tánkì, rọ fínígà lé e, kí o fi í sílẹ̀ fún ọ̀sán kan òru kan. Máa mì ín bó bá ti wá sí ọ lọ́kàn. Nígbà tí o bá dà á dànù, fi omi ṣan án, po sódà ìyan búrẹ́dì mọ́ omi kí o tún fi ṣan án, kí o fi omi mímọ́ ṣe àṣekẹ́yìn. Má lọ jẹun nígbà yẹn o. Irin tí fínígà ti bó á tún dógùn-ún kí wákàtí kan tó pé. Gbé e sínú oòrùn lójú ẹsẹ̀, ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ti gbẹ, po ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ epo, dà á sínú rẹ̀, kí o máa yí tánkì kiri kó kan gbogbo ara rẹ̀. Bí o bá rí ihò tó ń jò, má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Òórùn epo tó kù nínú tánkì lè gbiná, ó sì ti pa ènìyàn rí.

Kí o tó da nọ́ọ̀tì yẹn sínú rẹ̀, kà á. Bí ogún bá wọlé, ogún gbọ́dọ̀ jáde.